Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 900 ni mo há sórí fún ìdánwò GRE, síbẹ̀ 146 ni mo gbà nínú Verbal (apá èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀). Níbo ni mo ti ṣìnà?

Agùnbánirọ̀Àná (Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Oṣù tó kọjá ni mo parí ìsìnrúùlú, mo sì ń múra GRE, ìdánwò tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń béèrè kí wọ́n tó gbani sí másítà, nítorí mo fẹ́ lọ kà á nípa ètò ìlera gbogboogbò ní Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló kù. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń há ọ̀rọ̀ líle sórí. Ìwé àkọsílẹ̀ méjì ti kún: ọ̀rọ̀ lápá òsì, ìtumọ̀ lápá ọ̀tún. Lálaalẹ́ ni àbúrò mi obìnrin máa ń mú ìwé náà dání, á máa bi mí léèrè bí ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Nínú 30, mo máa ń gba 27.

Lánàá, mo ṣe ọ̀kan nínú ìdánwò ìgbáradì méjì tí ETS, àjọ tó ni GRE, ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. 146 nínú 170 ni Verbal! Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, mo sì tún kùnà á. Lẹ́yìn náà ni mo pàdé sanction. "Fi ìyà jẹ" ni mo kọ sínú ìwé mi. Mo fi ìyà jẹ sínú gbólóhùn yẹn títí, kò wọlé.

Ṣé kí n fi kún iye ọ̀rọ̀ tí mò ń há ni, àbí kí n jáwọ́ níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Bàbá_Káàdì (Ọjọ́ Àìkú, 9:05 alẹ́)

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ìwé àkọsílẹ̀ yẹn ló ń tàn ọ́ jẹ. Tí ọ̀rọ̀ bá ti tò tẹ̀lé ara wọn lójú ìwé, ibi tí ọ̀rọ̀ jókòó sí lo máa ń rántí. O mọ̀ pé lachrymose ló wà lókè laconic, àbúrò rẹ sì mọ̀ ọ́n kà tẹ̀léra. Ọjọ́ tí laconic bá dá dúró láìsí aládùúgbò rẹ̀, ojú á dà rú.

Lọ gba Anki, áàpù káàdì tí a fi ń há nǹkan sórí. Ọ̀fẹ́ ni lórí kọ̀ǹpútà àti lórí fóònù Android, ti iPhone ni wọ́n ń gbowó lé. Ọ̀rọ̀ tí o bá mọ̀, á jẹ́ kó pẹ́ kó tó tún fi hàn ọ́: ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kan, oṣù kan. Èyí tí o bá gbàgbé, ọ̀la ló ń bọ̀. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ará Jámánì kan, Ebbinghaus, ti tẹ ìwé jáde lórí bí ènìyàn ṣe ń gbàgbé ní ọdún 1885. Orí ara rẹ̀ ló dán an wò sí.

Ọ̀rọ̀ tuntun 15 lóòjọ́, kó má jù bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí èmi bẹ̀rẹ̀, ojúkòkòrò mú mi, mo fi sí 50. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, àyẹ̀wò tí mo jẹ áàpù náà lóòjọ́ ti lé ní 300. Mo pa fóònù, mo sá fún un fún ọjọ́ mẹ́rin, ìgbà tí mo padà dé, gbèsè náà ti bímọ.

Tí iná kò bá dúró ládùúgbò yín, gé páálí sí wẹ́wẹ́ kí o wá páálí bàtà mẹ́ta: ti ojoojúmọ́, ti ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ti ọ̀sẹ̀. Káàdì tí o bá gbà ń lọ sínú páálí tó tẹ̀lé e, èyí tí o bá kùnà ń padà sí àkọ́kọ́. Iṣẹ́ kan náà ni.

Tíṣà_Àgbà (Ọjọ́ Àìkú, 10:22 alẹ́)

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, gbogbo nǹkan ni áàpù. Ní ìgbà tiwa, àkójọ ọ̀rọ̀ 3500 ni, láti A dé Z. Mo há a tán lóṣù mẹ́rin pẹ̀lú àtùpà. Ọ̀rọ̀ òdì-kejì àti ìfiwéra ni wọ́n máa ń béèrè jù, kò sì sí bí o ṣe máa dáhùn wọn bí o kò bá mọ ọ̀rọ̀ náà ní tààrà. 610 ni mo gbà. Ọ̀rọ̀ 900 kò tó, ọmọ mi. Tẹ̀ síwájú.

Kí n má gbàgbé: èyí tí o kò bá mọ̀, fi í sílẹ̀. Wọ́n ń yọ máàkì lára ẹni tó bá ń méfò.

ÌyáẸ̀jìrẹ́_Houston (Ọjọ́ Ajé, 4:15 òwúrọ̀)

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹ má bínú pé ọmọdé ń tún ọ̀rọ̀ yín ṣe o. Ìdánwò tí ẹ ń wí yẹn ti papòdà. Oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni wọ́n ti yọ òdì-kejì àti ìfiwéra kúrò, wọ́n sì fi máàkì 130 sí 170 rọ́pò 200 sí 800 tí ẹ̀yin mọ̀. Oṣù kẹsàn-án 2023 ni wọ́n tún gé e kúrú: ìṣẹ́jú méjì ló fi dín ní wákàtí méjì báyìí. Verbal di ìbéèrè 27 péré ní apá méjì: 12 ní ìṣẹ́jú 18, 15 ní ìṣẹ́jú 23. Nǹkan bí ìdajì wọn ló sì jẹ́ àyọkà tí wọ́n ní ká kà ká dáhùn. Kí ènìyàn há 3500 nítorí ìbéèrè fífi ọ̀rọ̀ dí àlàfo tí kò tó 15, ìyẹn ni kí a gbẹ́ kànga torí àtifọ ẹnu.

Wọn kì í sì yọ máàkì. Àbúrò mi, má fi ìkankan sílẹ̀ láìdáhùn o.

Ìbejì mi kò tíì pé ọmọ oṣù mẹ́fà nígbà tí mo ṣe tèmi. Mi ò ráyè jókòó ti ìwé. Ohun tí mo ṣe ni pé mo so ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹni tí mo mọ̀, mo sì wá orúkọ Yorùbá fún ìwà onítọ̀hún. Garrulous ni ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà nídìí ilé wa ní Mọ́kọ́lá: aláròyé. Recalcitrant, olóríkunkun. Perfidious, ọ̀dàlẹ̀. Mercurial, ẹni tó ń yí bí ọ̀gà. Parsimonious, ahun. Laconic ni ọkọ mi. Ẹ bi í bí ibi iṣẹ́ ṣe rí, "Ó dáa." Ó parí. Bí mo bá ń wẹ ọmọ, mo máa ń pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹní ń kí oríkì. Èdè wa kún fún orúkọ ìwà, ẹ jẹ́ ká lò ó.

Alátakò_Pẹ̀lẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 7:30 òwúrọ̀)

Àǹtí, mo gbádùn ti ọkọ yín. Ṣùgbọ́n mo ta kò yín lórí ọ̀kan: ahun.

Nínú àyọkà sáyẹ́ǹsì, bí wọ́n bá ní àlàyé kan jẹ́ parsimonious, wọ́n ń yìn ín ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àlàyé náà kò kó ohun tí kò pọn dandan mọ́ra. Ẹni tó ti fi ahun dì í mọ́ orí á rò pé wọ́n ń bú u, á sì mú ìdáhùn tó lòdì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí sanction ọ̀gbẹ́ni yìí náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn lè jẹ́ ìjìyà, ó sì lè jẹ́ kí aláṣẹ fọwọ́ sí nǹkan. Ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló wà lápá ọ̀tún ìwé rẹ̀, wọ́n wá béèrè èkejì.

Èrò tèmi ni pé kí ó dá àkójọ dúró pátápátá, kó máa ka àròkọ Gẹ̀ẹ́sì gígùn fún ìṣẹ́jú 40 lóòjọ́: sáyẹ́ǹsì lónìí, ìtàn lọ́la, iṣẹ́ ọnà lọ́tùnla. Ọ̀rọ̀ tí kò bá yé e, kó da gbólóhùn yẹn kọ lódindi.

Bàbá_Káàdì (Ọjọ́ Ajé, 7:52 òwúrọ̀)

Kíkà lásán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ? Ó lè ka àròkọ 50 kó má pàdé obsequious ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó ní ọdún méjì nílẹ̀ lo ń gbà nímọ̀ràn yẹn.

Alátakò_Pẹ̀lẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 8:10 òwúrọ̀)

Ó dáa, mo gbà fún ọ lórí ti àkókò. Kó máa lo káàdì. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó ní àlàfo ni kó wà níwájú káàdì, kí ọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ níwájú, ìtumọ̀ lẹ́yìn. Bí ìdánwò ṣe máa bi í ni kó ṣe máa bi ara rẹ̀.

ÌyáẸ̀jìrẹ́_Houston (Ọjọ́ Ajé, 1:20 ọ̀sán)

Mo gba ti parsimonious, ọ̀rọ̀ yín gún régé. Mi ò ní purọ́, èmi gan-an kò mọ ìyẹn nígbà tí mo ṣe ìdánwò. Síbẹ̀ mi ò kó gbogbo ẹrù mi kúrò ńlẹ̀ o. Fún ìwà ènìyàn, Yorùbá yá ju Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ẹ ṣí atúmọ̀-èdè wò, wọ́n á ní obdurate ni intractable. Ẹ ṣí intractable, wọ́n á ní ó jẹ́ refractory. Ẹ ó kàn máa yí po lójú kan ni. Olóríkunkun, ó tán.

Ọmọ_Atúmọ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:45 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ èdè ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Kò tíì sí ẹni tó mẹ́nu ba gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wá láti Látìn àti Gíríìkì, gbòǹgbò kan sì lè fún yín ní ẹbí odindi. Loqu jẹ́ ti ọ̀rọ̀ sísọ: loquacious, eloquent, colloquial. Bene jẹ́ ti rere, mal jẹ́ ti ibi. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe atọ́nà fún ọ̀rọ̀ tí ẹ kò tíì rí rí, nítorí àwọn ọ̀dàlẹ̀ wà láàárín wọn. Enervate dún bíi pé ó ń fúnni lágbára. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ń tánni lókun ni. Noisome kò mọ ariwo rí, òórùn burúkú ni. Ìtumọ̀ meretricious kò bá ti merit jẹun pọ̀: ohun tó ń dán lójú tí kò ní láárí ni. Restive kì í ṣe ẹni tó ń sinmi, ara onítọ̀hún kò balẹ̀ ni. Ẹ kọ irú ìwọ̀nyí sójú ìwé ọ̀tọ̀.

Èyí tó wá ń pa àwa ọmọ Nàìjíríà gan-an kọ́ ni ọ̀rọ̀ tí a kò mọ̀. Èyí tí a rò pé a mọ̀ ni. A máa ń sọ pé "I called you severally" nígbà tí a bá pe ẹnì kan lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú ìwé wọn, severally ni lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tí a bá pe ọmọbìnrin ní homely nílé wa, ìyá ọkọ á dúpẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹ ti ní kò lẹ́wà nìyẹn. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ní ojú kejì wà: want tó túmọ̀ sí àìní, flag tó túmọ̀ sí kí agbára máa dín kù, check tó túmọ̀ sí kí a dá nǹkan dúró, qualify tó túmọ̀ sí kí a fi ààlà sí ọ̀rọ̀ tí a sọ, economy tó túmọ̀ sí ìṣọ́ra nínú ìlò nǹkan. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ gbogbo wọn, ìyẹn ni ojú kò fi ń fura sí wọn.

Nítorí laconic ọkọ Àǹtí: ilẹ̀ àwọn ará Sparta ní Gíríìsì àtijọ́, Laconia, ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Wọ́n ní Philip ọba Macedonia ránṣẹ́ sí wọn pé bí òun bá wọ ilẹ̀ wọn, òun á pa ìlú wọn rẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n fi dá a lóhùn: "Bí."

ÌyáẸ̀jìrẹ́_Houston (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:03 ìrọ̀lẹ́)

Ọkọ mi ni ọmọ wọn 😂

Onímọ̀Ẹ̀rọ_Kan (Ọjọ́rú, 12:30 ọ̀sán)

Gbogbo yín ń jà lórí bí a ṣe ń há ọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó bi ọmọ yìí bóyá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ tiẹ̀ fẹ́ GRE. Láti ìgbà Kòrónà, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ púpọ̀ ní Amẹ́ríkà ti yọ ọ́ kúrò tàbí kí wọ́n fi sí ìfẹ́-ọkàn ẹni. Lọ sójú ìwé ẹ̀ka tí o fẹ́ gan-an, má wo ti yunifásítì lápapọ̀, torí ẹ̀ka méjì nínú ilé-ẹ̀kọ́ kan lè yàtọ̀. Kọ lẹ́tà sí wọn bí kò bá hàn. Owó ìdánwò yẹn kì í ṣe owó ẹ̀kọ.

Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, fi sọ́kàn pé o lè tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 21, máàkì rẹ á sì wúlò fún ọdún márùn-ún. O tún lè sàmì sí ìbéèrè kí o padà sí i, tí o kò bá tíì jáde ní apá yẹn. Bí o bá sì ṣe ṣe sí ní apá kìíní ni wọ́n fi máa yan bí èkejì ṣe máa le tó. Nítorí náà má fi apá kìíní ṣeré.

Agùnbánirọ̀Àná (Ọjọ́rú, 9:48 alẹ́)

Ẹ ṣé gan-an ni, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ ṣìnà. Mo ti wò ó: nínú ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin tí mo kọ sílẹ̀, méjì kò fẹ́ GRE mọ́ rárá, ọ̀kan ní ó di ọwọ́ mi, ọ̀kan ló kàn án nípá. Ẹyọ kan yẹn ló sì ní owó ìrànwọ́ tí mò ń wá, nítorí náà mo ṣì ń ṣe é.

Mo ti kó ọ̀rọ̀ sórí Anki, 15 lóòjọ́, gbólóhùn níwájú. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì sọ fún mi ìdí tí mo fi kùnà ìbéèrè tí mo mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Alátakò_Pẹ̀lẹ́ (Ọjọ́bọ̀, 6:20 òwúrọ̀)

Mo rò pé mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. A kò gbọdọ̀ gbé ìbéèrè wọn síta, nítorí náà mo fi ọwọ́ ara mi ṣe èyí:

The critic's praise, though ______, was welcome to a novelist who had known only scorn.

Lavish, grudging, belated, effusive, halfhearted, anonymous.

Méjì ni kí o mú, kí gbólóhùn méjèèjì sì já sí ohun kan náà. Bí o bá gba ọ̀kan tí o kùnà èkejì, òfo ni.

Fi ọwọ́ bo àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́fà yẹn ná. Ka gbólóhùn. "Though" ti sọ fún ọ pé àléébù wà lára ìyìn náà. Fi ọ̀rọ̀ tìrẹ sí i, ní Yorùbá bí o bá fẹ́ (Àǹtí, ẹ rẹ́rìn-ín): ìyìn tí kò tinú wá. Ṣí ọwọ́ rẹ báyìí. Lavish àti effusive jẹ́ ìbejì, ṣùgbọ́n ìyìn rẹpẹtẹ ni wọ́n, "though" kò gbà wọ́n. Wọ́n fi wọ́n síbẹ̀ kí ẹni tó ń wá ìbejì láìka gbólóhùn lè jìn sí kòtò. Belated ńkọ́? Ìyìn tó pẹ́ kó tó dé. Ó wọlé dáadáa! Anonymous náà wọlé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bá wọn ṣe èkejì. Grudging àti halfhearted nìkan ló wọlé, tí wọ́n sì jọ ń sọ ohun kan.

Mo fẹ́ fi ohun kan ta pé o mú grudging pẹ̀lú belated nínú tìrẹ.

Agùnbánirọ̀Àná (Ọjọ́bọ̀, 6:41 òwúrọ̀)

Háà! Ohun tí mo ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo mú méjì tó wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mi ò wò ó bóyá wọ́n bára wọn mu.

Tíṣà_Àgbà (Ọjọ́bọ̀, 8:00 òwúrọ̀)

Severally, o mú wọn severally.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Mo gbà pé ìdánwò ti yí padà mọ́ mi lọ́wọ́, ìyá àwọn ìbejì ṣeun. Ṣùgbọ́n ohun kan kò yí padà: kíké síta. Àbúrò rẹ tó ń bi ọ́ léèrè lálaalẹ́, má lé e lọ nítorí áàpù. Yí iṣẹ́ rẹ̀ padà ni. Kó ka gbólóhùn, kí ìwọ wá ọ̀rọ̀ sí i, kó sì ní kí o sọ ìdí tí àwọn yòókù kò fi wọlé. Bí o bá lè ṣàlàyé rẹ̀ fún un títí tó fi yé e, o ti mọ̀ ọ́n.

Agùnbánirọ̀Àná (ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:10 ìrọ̀lẹ́)

Mo ní kí n wá jíṣẹ́. Mo ṣe ìdánwò ìgbáradì kejì lówùúrọ̀ yìí: 153. Mo fi ti Tíṣà àti ti Alátakò pọ̀, àbúrò mi ló ń ka gbólóhùn. Ó ti wá ń pe ìyá wa ní parsimonious nítorí owó ẹran, màmá sì ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá èébú ni. Mo sọ fún un pé ó dá lórí ẹni tó bá ń sọ ọ́.

Àyọkà ló ṣì ń jẹ mí níyà báyìí, pàápàá àwọn tó gùn. Ọ̀rọ̀ 410 péré ló wà lórí Anki mi, mo ti ju ìwé àkọsílẹ̀ kejì nù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù.

Onímọ̀Ẹ̀rọ_Kan (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:32 ìrọ̀lẹ́)

Ó káre! Ọ̀rọ̀ àyọkà, ṣí ìjíròrò tuntun fún un, ó gùn. Kí o tó sùn lónìí, yẹ pásípọ́ọ̀tù rẹ wò: orúkọ tí o fi forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá tinú rẹ̀ mu gẹ́lẹ́, títí kan létà ìkẹyìn. Èmi fi orúkọ ìdílé ṣáájú níbi kan, mo fi kẹ́yìn níbòmíràn, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò ni mo ti mọ̀.

Agùnbánirọ̀Àná (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:40 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Mo ń lọ wò ó báyìí.